Ìwé òfin ní ọjọ́ kan péré, àgọ́ ọlọ́pàá ní ó di ọjọ́ Ajé: ta ló ń mú ẹ̀tọ́ ṣẹ?

Ìyá Tàyé (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa òfin dá mi lóhùn kíá.

Káfíńtà ni àbúrò mi ọkùnrin. Ó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kan pé òun máa bá a kan bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù. Pákó gbówó lórí, iṣẹ́ falẹ̀, oníbàárà náà ò fẹ́ gbọ́ àlàyé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọlọ́pàá wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní jìbìtì ló lù. Àtìgbà náà ló ti wà ní sẹ́ẹ̀lì. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gba oúnjẹ, wọn ò jẹ́ kí n fojú kàn án. Wọ́n ní IPO tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó di ọjọ́ Ajé.

Ọkọ mi ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà lórí fóònù, ó fi abala 35 hàn mí. Mo kà á sétí ọ̀gá tó wà ní káńtà, pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù. Kò pariwo mọ́ mi o. Ó kàn ní, "Màdámù, Àbújá nìyẹn." Ìwé tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ẹlòmíì nínú wọn sì ti ń bi mí pé èló ni mo mú dání.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀tọ́ sínú ìwé tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí, tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá ní kò kan òun, ṣé a lè sọ pé àbúrò mi ní ẹ̀tọ́ yẹn?

Àkàndé Tẹ́lọ̀

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ tèmi: ẹ gbé ìwé òfin tì, ẹ wá owó. Wọ́n ti gbé èmi náà rí lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Owó tí ìyàwó mi yá ló gbé mi jáde, abala kankan kọ́. Bí ẹ bá ń ka òfin fún wọn, inú á máa bí wọn, àbúrò yín ló máa jìyà rẹ̀.

Lọ́yà Ayọ̀

Ìyá Tàyé, ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé ká tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Abala 35(5) ní bí kóòtù tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ni. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá gbà pé ó bójú mu. Kóòtù ni òfin ní kó pinnu ìyẹn o, DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, kọ́. Kò sì síbi kankan tí wọ́n ti yọ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú sílẹ̀. Abala 35(3) ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni kí wọ́n bá a sọ. Abala 35(2) ní ó lè panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù wà nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32: wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí aáwọ̀ tó yẹ kí ẹni méjì fúnra wọn gbé lọ sí kóòtù. Oníbàárà tí káfíńtà já kulẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́ kó gba owó rẹ̀ padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ irú rẹ̀ fún EFCC ní 2018 nínú ẹjọ́ báńkì Diamond àti Opara, pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe gbígba gbèsè fún báńkì.

Ní alẹ́ òní, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n gbé e sílẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e, àti orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá tó bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ bá rántí. Mo ní ọ̀rẹ́ agbẹjọ́rò kan nítòsí yín. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Bàbá Ṣájẹ́ǹtì

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ látinú.

Ẹni tó ń bèèrè owó béèlì ń ṣe ohun tí kò dáa, mi ò ní í gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yẹn, ẹ wò ó. Bí a bá mú èèyàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, májísíréètì ti lọ ilé. Àgọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọkọ̀ kan ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń bàjẹ́. Ìgbà míì, olùpẹjọ́ ló ń ra epo sínú ọkọ̀ tí a fi ń lọ mú èèyàn. Ẹni tó bá ra epo, ẹ mọ̀ pé òun ló máa fẹ́ máa darí ẹjọ́ náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Ní 2021 ńkọ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù April wọ oṣù June? Wọ́n ti kóòtù pa jákèjádò ilẹ̀. Ìwé òfin ṣì ń sọ pé ọjọ́ kan. Níbo ni kí ọlọ́pàá gbé wọn lọ?

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rò. Wọ́n kọ́ wa ní abala 35 ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, a há a sórí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo lò, kò sí ọ̀gá kankan tó pè mí pé, "Nínú àwọn tí o mú lóṣù yìí, mélòó ló dé kóòtù kí wákàtí 24 tó pé?" Iye ẹjọ́ tí a yanjú ni wọ́n ń bèèrè. Ohun tí ọ̀gá bá ń bèèrè ni ọmọ iṣẹ́ ń ṣe.

Lọ́yà Ayọ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Ọ̀rọ̀ yín tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn tún kà.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, ACJA, àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 rí àìsí ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní kí olórí àgọ́ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìní ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì lóṣooṣù, kí májísíréètì náà sì máa yọjú sí àgọ́ lóṣooṣù, kó wo ìwé, kó wo sẹ́ẹ̀lì, kó lè fún èèyàn ní béèlì níbẹ̀. Ibi tí májísíréètì ti ń lọ, mo ti fojú ara mi rí i pé sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ibi tí kì í ti í lọ, ńkọ́? Ẹ ti rí i.

Lórí ọjọ́ Ẹtì, àwa lọ́yà mọ̀ pé àwọn kan ń dìídì dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó lọ mú èèyàn, torí olùpẹjọ́ fẹ́ kó sun sẹ́ẹ̀lì kó lè tètè wá owó. Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Àkàndé Tẹ́lọ̀

Lọ́yà, ẹ ṣé. Àmọ́ bí òfin bá ṣe kedere tó bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lo ọdún nínú ẹ̀wọ̀n láìrí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn? Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Májísíréètì ló ní kí wọ́n gbé e lọ. Ṣé májísíréètì náà ò ka abala 35 ni?

Lọ́yà Ayọ̀

Ìbéèrè yẹn wúwo, arákùnrin. Mo máa fi sùúrù dáhùn.

Ìpànìyàn, olè adigunjalè, irú ẹ̀sùn báyìí kọjá agbára májísíréètì. Ilé ẹjọ́ gíga ló lè gbọ́ wọn. Síbẹ̀, iwájú májísíréètì ni ọlọ́pàá máa ń gbé afurasí lọ, kí ó lè ní, "Ẹ lọ fi í pamọ́ sí ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ́fíìsì DPP, olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba." Ó bọ́ sí i fún ọlọ́pàá: wọ́n ti gbé e dé kóòtù, wákàtí 24 ò kàn wọ́n mọ́. Afurasí wá wà níbẹ̀, fáìlì sọnù, IPO gba ìyípadà lọ sí ìpínlẹ̀ míì.

Èèyàn kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ Lufadeju àti Johnson ni. Lufadeju ni májísíréètì tó pa àṣẹ náà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní òfin Èkó tó fún májísíréètì lágbára yẹn ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wa. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2007, ìyẹn ní kò ta kò ó: fífi afurasí pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ yàtọ̀ sí bíbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀, abala 35 fúnra rẹ̀ sì gbà kí wọ́n di èèyàn mú bí ìfura tó nídìí bá wà.

Kóòtù méjèèjì ka ìwé kan náà. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà láàárín wọn. Ohun tí kóòtù kejì sọ ni òfin di òní. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́, torí bí májísíréètì ò bá ní agbára yẹn rárá, ọlọ́pàá lè fi afurasí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, níbi tí ojú adájọ́ kankan ò dé. Àmọ́ mo tún mọ ohun tó yọrí sí. Àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ pọ̀ gan-an ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. ACJA wá fi gbèdéke sí i: ọjọ́ 14, a lè tún un ṣe, bí kò bá sí ìdí gúnmọ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ ta ló ń ka ọjọ́ náà fún ẹni tí kò ní lọ́yà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àgbàlagbà láyè. Ìtàn ni mo fi kọ́ni, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ kì í gbọ́ apá tó kan kóòtù nínú ìtàn Fẹlá.

Ní February 18, 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Ìdí-Òrò, wọ́n lu èèyàn, wọ́n sun ilé. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Mama yẹn ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí ní Abẹ́òkúta. Ara wọn ò yá dáadáa mọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n sì kú ní April 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ló ṣe é.

Ẹbí náà pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ìwé òfin ti 1963 wà nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere pé a ò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tẹ́ni jẹ èèyàn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n borí? Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ lé wọn padà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà kò gbè wọ́n. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí rẹ̀: òfin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní ọba kì í ṣe àṣìṣe, nítorí náà a ò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe irú bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ti 1979 ti mú ààbò yẹn kúrò, ṣùgbọ́n 1977 ni wọ́n sun ilé Fẹlá. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣẹlẹ̀, àyè máa wà láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Adájọ́ Kayode Eso, ọmọ Iléṣà, wà lára àwọn tó dá ẹjọ́ yẹn. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ ga ju àwọn òfin yòókù lọ, ó sì ti wà kí àwùjọ olóṣèlú tó wà rárá. Àwọn lọ́yà ṣì ń fi gbólóhùn yẹn gba ẹjọ́ fún àwọn ẹlòmíì títí di òní. Ẹbí tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ti ka ìdájọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún yìí, ó ṣì ń bí mi nínú, mi ò sì rò pé ó yẹ kó má bí wa nínú mọ́.

Kí n má ba à dá ẹ̀yin èèyàn lágara, ẹjọ́ kan tún wà tó lọ síbi tó dáa. Ní 1980, ìjọba Lateef Jakande ní Èkó fẹ́ pa àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́. Mo ń kọ́ni ní Mushin nígbà náà, mo sì fẹ́ràn Jakande, torí ọmọ mẹ̀kúnnù ló ń jàǹfààní. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie ti ìjọ Kátólíìkì pẹ̀lú àwọn míì lọ sí kóòtù. Ìwé òfin kò sọ pé ẹnikẹ́ni lè dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé èèyàn lómìnira láti sọ èrò rẹ̀, kó sì dá ohun tí yóò máa fi tan èrò àti ìmọ̀ kálẹ̀ sílẹ̀. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilé ẹ̀kọ́ wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ẹ ń rí ní Èkó lónìí jẹ gbèsè ọpẹ́ fún ìtumọ̀ yẹn.

Àǹtí Tíṣà Òṣogbo

Bàbá, ẹ ṣé, sà. Kóòtù yẹn náà ló ní Orí Kejì ìwé òfin ò ṣe é gbé lọ sí kóòtù, àbí? Ibẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà. Mò ń rí àwọn ọmọ tí kò lè san owó tí wọ́n ń bù fún wọn nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n ń lé wọn lọ sílé. Ṣé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan nìyẹn?

Lọ́yà Ayọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni mà, abala 6(6)(c) ni ẹ máa wò: ó ní kóòtù ò ní gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2002, nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ń bá ìjọba àpapọ̀ fa òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀, pé bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin lórí ohun tó wà ní Orí Kejì, òfin yẹn ní agbára. Wọ́n ti ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, UBE, ní 2004. Ní March 2017, Adájọ́ John Tsoho ní ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ábùújá so méjèèjì pọ̀ nínú ẹjọ́ tí LEDAP, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́, pè: ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan títí dé JSS 3, a sì lè torí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ìdájọ́ wà. Ẹni tó máa gbé e dé iwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín ló kù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀. Níbí, kò sí ìwé òfin kan ṣoṣo bíi tiwa. Òfin lásán tí ilé aṣòfin ṣe ní 1984, PACE, ló ní wákàtí 24. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ga lè sọ ọ́ di 36 bí ẹ̀sùn bá le, lẹ́yìn ìyẹn májísíréètì nìkan, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 96 lọ.

Wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí, mo sì lọ síbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọlọ́pàá tó ń bójú tó sẹ́ẹ̀lì kò sí lára àwọn tó ń wádìí ẹjọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rí i pé wọn ò fi ẹnikẹ́ni pamọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: aago tó wọlé, aago tó jẹun, aago tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Lọ́yà ọ̀fẹ́ dé ní òru. Mi ò sọ pé wọn ò kì í ṣe àìdáa sí àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ ẹnì kan wà nínú ilé náà tí wọ́n máa bi léèrè bí wákàtí 24 bá kọjá. Ẹni yẹn ni mi ò rí nínú ìtàn Ìyá Tàyé.

Àkàndé Tẹ́lọ̀

Ó dáa. Ẹ ti sọ ti ìtumọ̀. Ẹ wá sọ ti ìgbà tí adájọ́ túmọ̀ òfin dáadáa, tí ìjọba ní àwọn ò gbọ́. Ní December 2016, Adájọ́ Gabriel Kolawole ní kí wọ́n tú Sheikh El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ àwọn mùsùlùmí Ṣíà, àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù 50 náírà fún wọn. July 2021 ni wọ́n tó kúrò ní àhámọ́, lẹ́yìn tí kóòtù míì ní Kàdúná dá wọn láre lórí ẹ̀sùn mìíràn. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀sìn rẹ̀ o, ẹ kórìíra rẹ̀ o, ìyẹn ò kan òfin. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ta ni káfíńtà?

Kọ́lá Maryland

Àkàndé, òótọ́ lo sọ. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ní Amẹ́ríkà níbí, àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, ti 1868, ní òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bo gbogbo èèyàn bákan náà. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò burú kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jókòó lọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1954, ilé ẹjọ́ kan náà ní ìyapa nínú ilé ẹ̀kọ́ burú, ó ta ko gbólóhùn kan náà yẹn.

Síbẹ̀ ìdájọ́ yẹn ò gbé ọmọ kankan wọ kíláàsì. Ní September 1957, àwọn ọmọ dúdú mẹ́sàn-án fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Central High ní Little Rock, gómìnà Faubus sì kó ọmọ ogun ìpínlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ààrẹ Eisenhower ló kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ wá láti mú wọn wọlé. Ọmọ ogun! Nítorí kí ọmọ mẹ́sàn-án lè lọ kàwé gẹ́gẹ́ bí kóòtù ti wí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ká ní Eisenhower dákẹ́ ni, ohun tí gómìnà sọ ló máa ṣẹ.

Lọ́yà Ayọ̀

Nínú ìwé òfin tiwa, abala 287 ló ní gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ. Ṣùgbọ́n kóòtù ò ní ọmọ ogun. Ọlọ́pàá ló máa ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kóòtù lọ mú ìdájọ́ ṣẹ, bó bá sì jẹ́ ọlọ́pàá ni a dá lẹ́bi, ẹ rò ó wò.

Ti owó tún wà ńbẹ̀. Bí kóòtù bá ní kí ọlọ́pàá san owó gbà-máà-bínú, tí wọn ò san, lọ́yà lè fẹ́ gba owó náà láti báńkì tí owó ìjọba wà. Òfin Sheriffs and Civil Process, abala 84, ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Agbẹjọ́rò ẹni tó jẹbi ni kó fọwọ́ sí i kí a lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó jẹbi! Mo ní oníbàárà tó ní ìdájọ́ lọ́wọ́, tí kò tíì rí kọ́bọ̀. Òfin yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa yí padà ṣáájú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń pariwo lé lórí.

Ìyá Tàyé (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú alẹ́ o. Ọlọ́run ṣeun, àbúrò mi ti wà nílé. Ó rù, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rẹ́ Lọ́yà Ayọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní fáìlì ti lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá míì. Ó jókòó. Ó fi lẹ́tà sílẹ̀ fún DPO, ó kọ abala 35 àti abala 32 ti Òfin Ọlọ́pàá sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tòun pé àwọn gbà á. Ìgbà tí ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i yẹn ni nǹkan yí padà. DPO fúnra rẹ̀ jáde, ó ní àwọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi láìgba owó. Ẹni tí wọ́n jọ wà ní sẹ́ẹ̀lì, tí kò rí lọ́yà, ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń lọ. Ìyẹn ò jẹ́ kí inú mi dùn tán.

Lọ́yà ní a lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹbí wa ti pín sí méjì lórí rẹ̀.

Bàbá Ṣájẹ́ǹtì

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìlú kan náà ni ẹ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá yẹn, ṣọ́ọ̀bù àbúrò yín ò sì kúrò lójú kan. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí kọmíṣọ́nà, ó tó.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Ṣájẹ́ǹtì, àmọ́ mi ò gbà. Bí ẹbí Ransome-Kútì bá ti ní kó tán síbẹ̀, gbólóhùn Eso kì bá tí sí fún ẹnikẹ́ni láti lò. Adájọ́ kì í sọ ìtumọ̀ òfin bí kò bá sí ẹni tó gbé ẹjọ́ wá. Àwọn tó ń gbé e wá kì í sábà rí èrè rẹ̀ fúnra wọn, mo mọ̀, ó sì wúwo láti sọ fún èèyàn pé kó ṣe é. Síbẹ̀ mo sọ ọ́.

Ìyá Tàyé

Àbúrò mi ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, pé ẹni tó kù ní sẹ́ẹ̀lì yẹn ni òun ń rò. Lọ́yà, kí la máa mú wá, sà? Ṣé ó máa gbówó lọ́wọ́ wa?

Lọ́yà Ayọ̀

Mi ò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, owó ìforúkọsílẹ̀ ní kóòtù nìkan. Abala 46 ló ń gbé wa lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2009 fún irú ẹjọ́ yìí. Abala 35(6) ní ẹni tí wọ́n mú lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. A máa bèèrè méjèèjì. Ẹ mú ìwé àdéhùn tàbí rìsíìtì tó fún oníbàárà náà wá, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tí wọ́n jọ kọ, ẹ̀dà lẹ́tà tí DPO fọwọ́ sí, àti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n gbé e. Kí ó lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́la, kí dókítà kọ ohun tó bá rí lára rẹ̀ sílẹ̀.

Ti ẹni tó kù ní sẹ́ẹ̀lì: ìlànà 2009 gbà kí ẹlòmíì pe ẹjọ́ lórúkọ ẹni tí kò lè wá. Bí àbúrò yín bá mọ orúkọ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ń padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Àkàndé Tẹ́lọ̀

Lọ́yà, ti èmi tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ti pẹ́ jù, àbí?

Lọ́yà Ayọ̀

Kò pẹ́ jù. Ìlànà kan náà ní òfin tó ń fi gbèdéke ọdún sí ẹjọ́ kò kan ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀. Owó tí ìyàwó rẹ yá yẹn, ṣé ọwọ́ ni ẹ fi san án, àbí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan?